Abẹ́rẹ́ Kejì àti Ìdọ̀bálẹ̀ Mójeèd

Ọjọ́ tí Mójeèd kọ́kọ́ lọ kí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Akobo, kò dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ̀, Zùwáírátù, ló tẹ̀lé e lọ, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Ọmọ náà tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń rò ó bóyá ó tó ohun tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ mú. Ó fọwọ́ kan orúnkún, ó sì dúró síbẹ̀. Alhaji Bùsàrí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí fìlà rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí, jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń retí ìyókù. Ìyókù ò dé. Ó wá yíjú sí Zùwáírátù.

“Ìyá Mójeèd, ẹ̀yìn ọmọ yín yìí, ṣé irin ni wọ́n fi rọ ọ́ ni?”

Wọ́n fún wọn ní nǹkan mu, wọ́n sì sìn wọ́n dé ẹnu géètì. Àmọ́ kí wọ́n tó padà dé Baṣọ̀run, Ramlah ti pè wọ́n lórí fóònù. Ramlah ni ọmọbìnrin tí wọ́n torí ẹ̀ lọ. Ó ní bàbá òun ní kí wọ́n má tíì dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan, kí ọmọkùnrin náà lọ kọ́ ìkíni ná. Ó ní ẹni tí kò lè fi àyà kanlẹ̀ kó tó gba ọmọ, bó bá gbà á tán, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé Bùsàrí ni yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ohun tí Alhaji ò mọ̀ ni pé Mójeèd ì bá dọ̀bálẹ̀ bó bá lè ṣe é. Àìsàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, bó bá fẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀, yóò kọ́kọ́ ṣe bisimilahi. Ìyá rẹ̀ ló sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ. Kò sí ìdílé gidi n'Ibadan tí yóò fi ọmọ fọ́kọ láì kọ́kọ́ wádìí ilé tó ń lọ: ṣé wárápá ò sí níbẹ̀, ṣé wèrè ò sí níbẹ̀, kí ló pa bàbá, kí ló pa bàbá bàbá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀yìn ọkọ ìyàwó ń ṣàìsàn, wọn ò ní béèrè irú àìsàn tí í ṣe. Àìsàn ìdílé ni wọn yóò pè é, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Zùwáírátù rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n kúkú pe ọmọ òun ní agbéraga. Agbéraga ṣì máa ń rí ìyàwó fẹ́.

Ọ̀rẹ́ Mójeèd kan mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kó lọ sọ fún Alhaji pé òun ti di onísunnah paraku, pé Ọlọ́run nìkan ṣoṣo lòun ń forí balẹ̀ fún. Zùwáírátù ò jẹ́ kó dé ìparí. Ó ní òun lè pa ẹnu mọ́, ìyẹn tó òun í rù, ṣùgbọ́n òun ò ní fi Kùránì bo àìsàn mọ́lẹ̀ bí ẹni fi ọmọrí bo ọbẹ̀ tó jóná. Àti pé ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún náà mọ kéú. Alhaji Bùsàrí ti lọ Mẹ́kà, ó ti bọ̀, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí dòní.

Zùwáírátù kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń pa lẹ́nu mọ́ tẹ́lẹ̀. Àpáta ni wọ́n bí i sí. Ó jáde ilé ìwé girama, ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára ṣùgbọ́n ẹja ló wà nílẹ̀. Ó bá ẹja lọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ tó ń wa tírélà ti dolóògbé, ẹja yìnyín tó ń tà ní Baṣọ̀run ló fi tọ́ ọmọ méjì yanjú: Ikhlas, tó ti wà nílé ọkọ ní Ilọrin, àti Mójeèd, tó kọ́ṣẹ́ sólà, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ring Road, tó ń gun òrùlé olórùlé kiri. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú òwò Zùwáírátù: kí nǹkan tutù ò tó, ó gbọ́dọ̀ dì. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, yóò fa títọ́ọ̀sì kan yọ, yóò gbá a mọ́ tábìlì. Bó bá dún kó bí igi, ẹja ni. Bó bá dún pẹ̀, kí oníbàárà máa bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí iná wá ń ṣe ségesège, Mójeèd to páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, fíríìsà méjèèjì ò sì mọ̀ mọ́ pé iná máa ń lọ. Zùwáírátù a máa fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ẹlẹ́ja tó kù ládùúgbò. A ní ẹja tiwọn ń làágùn, tòun ń gbọ̀n.

Ẹ̀yìn tó ń dun ọmọ yìí ni kò rí nǹkan ṣe sí. Ọdún tó ṣíwájú ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Bí Mójeèd bá jí láàárọ̀, láti ìdí dé àárín ẹ̀yìn rẹ̀ yóò le gbagidi bíi pákó. Bó bá wá rìn, tó ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi mú, ẹ̀yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní páńẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ni, kó lọ dùbúlẹ̀. Ó fi òrí pa á, ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ó ra oògùn ibà, ó ra ti táífọ́ọ̀dù, ó sì tún ní kó lọ dùbúlẹ̀. Bó ṣe ń dùbúlẹ̀ tó ni ẹ̀yìn ń le tó. Nígbà tó yá, àga rọ́bà funfun ni Mójeèd fi ń kírun, ní mọ́ṣáláṣí àti nílé, láàárín àwọn bàbá tí orúnkún wọn ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà tiẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ọmọ-ọmọ mélòó ni Ọlọ́run ti fún un.

Ramlah ló rí ìdí ọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni ní Bodija, orí ẹ̀ sì le. Ó ní ẹ̀yìn tí ìsinmi ń pa lára, tí iṣẹ́ ń tù, kì í ṣe iṣẹ́ ló bà á jẹ́. Ó wa ọkọ̀ ara rẹ̀, ó gbé Mójeèd lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ tó ń pariwo bíi ti ẹlẹ́rọ ata, wọ́n ya àwòrán inú egungun ìdí rẹ̀. Dókítà Àníọlá, obìnrin ọ̀dọ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, tọ́ka sí ibi tó funfun nínú àwòrán, ó ní iná ló ń jó níbẹ̀. Làkúrègbé ọ̀pá ẹ̀yìn ni, èyí tó ń mú àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé àrùn, ni wọ́n yíjú padà, tí wọ́n ń dáná sun ilé tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́. Bí iná náà bá jó pẹ́, egungun ẹ̀yìn á máa lẹ̀ mọ́ra wọn títí gbogbo rẹ̀ á fi di ọ̀pá kan ṣoṣo. Èyí tó bá sì ti lẹ̀, kò sí oògùn tó lè yà á. Ó ní ọpẹ́ ni pé ti Mójeèd ò tíì lẹ̀.

Oògùn oníhóró ò ràn án. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ìwádìí kan nílé ìwòsàn náà lórí àwọn abẹ́rẹ́ ìgbàlódé, wọ́n sì ń fún àwọn tí àìsàn náà ò tíì pẹ́ lára wọn. Dókítà ní abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe kẹ́míkà tí wọ́n pò pọ̀ lásán, inú ohun tó ní ẹ̀mí ni wọ́n ti ń yọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti lọ ti ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ ogun yẹn ń gbà jáde. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ Mójeèd wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ò fara pamọ́ sí i lára, nítorí abẹ́rẹ́ náà lè jí i. Oṣù mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì fi ń gún un fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gún ara rẹ̀ nítan, wọ́n sì kó díẹ̀ fún un lọ sílé. Àsìkò yìí ni Zùwáírátù dá ọjọ́ tí wọ́n lọ sí Akobo. Ó ti ṣírò ó pé kí ọjọ́ náà tó pé, abẹ́rẹ́ á ti ṣiṣẹ́. Ẹ ti gbọ́ bí ọjọ́ náà ṣe rí.

Nígbà tí Mójeèd àti Ramlah ń padà sọ́dọ̀ Dókítà, Zùwáírátù ní òun náà ń lọ. Mójeèd ní kò sí ìyàtọ̀ kankan. Dókítà wá béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú abẹ́rẹ́ náà nílé. Zùwáírátù, tó ti ń wá ibi tí yóò ti dá sí ọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbà á lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

“Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn, Dókítà. Ọwọ́ mi ló wà. Abẹ́ títọ́ọ̀sì ni mo kó o sí, nísàlẹ̀ fíríìsà pátápátá. Bí ẹ bá fi gbá tábìlì, á dún kó.”

Dókítà Àníọlá wo Ramlah. Ramlah ń wo ilẹ̀. Mójeèd, tó rò pé fíríìjì ilé ni ìyá òun ti máa ń mú abẹ́rẹ́ náà wá fún òun, rọra fi ọwọ́ bojú. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti kọ́kọ́ ń sá a sójú oòrùn kó lè yọ́.

Ẹnu ọ̀nà fíríìjì ni wọ́n ń kó o sí, Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kó tutù ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò fẹ́ kó dì. Bó bá ti dì lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú nìyẹn, bó tilẹ̀ yọ́ padà, omi lásán ni.

Zùwáírátù fa àga, ó jókòó. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lábẹ́ èémí. Yìnyín tó fi tọ́ ọmọ ló fi pa oògùn ọmọ. Sólà tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ tò sórí òrùlé ló sì bá a pa á.

“Dókítà, ṣé èmi ni mo bà á jẹ́ fún un?”

Dókítà Àníọlá sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n rántí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára Mójeèd lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta nọ́ọ̀sì parí, kí abẹ́rẹ́ kankan tó dé Baṣọ̀run. Iná ń jó nínú ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń jó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà lòun ti kọ̀wé béèrè irú mìíràn. Èyí tí wọ́n kó lọ sílé, wọ́n kàn fi ń dúró dè é ni.

“Màmá, ẹ̀yin kọ́. Ó ti lo oṣù mẹ́ta gbáko lára ọmọ yín kó tó dọ́wọ́ yín, kò sì ṣe nǹkan kan. Èyí tí ẹ wá lọ dì sí yìnyín yẹn, òkú ni ẹ dì.”

Mójeèd ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ramlah tẹ̀lé e. Zùwáírátù ò rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ara tó kọ abẹ́rẹ́ kan ò ní kọ èkejì. Dókítà ò purọ́ fún un. Ó ní bí wọ́n bá yí i padà, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan dáadáa, ó máa ń ṣe ààbọ̀ fún àwọn kan, àwọn mìíràn ò sì ní rí nǹkan kan. Ohun tí ìwádìí náà ń wá gan-an nìyẹn, bó ṣe máa ń rí fún àwọn tó tètè wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan kọ́ ló wà nílé. Èyí àkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó dà bíi pé ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọmọ ogun Mójeèd ń gbà jáde, ẹ̀yìnkùlé sì ni abẹ́rẹ́ kejì tí òun kó lé wọn lọ́wọ́ yìí ń lọ.

Zùwáírátù dúpẹ́, ó gbà á lẹ́nu. Ọkàn rẹ̀ ni kò gbà á tán. Ó mọ̀ pé àwọn dókítà rere máa ń fi ọ̀rọ̀ tu ìyá nínú. Bí abẹ́rẹ́ kejì bá ṣiṣẹ́, ọmọ rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀, á fẹ́ ìyàwó. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò mọ bí òun yóò ṣe tún ṣí fíríìsà yẹn láì rí ojú ọmọ òun nínú yìnyín.

Lọ́jọ́ kejì, Ramlah gbé báàgì aláwọ̀ búlúù kékeré kan wá. Inú rẹ̀ nípọn, ó ní àyè fún yìnyín lápá kan, ó ní àyè fún abẹ́rẹ́ lápá kejì, kí wọ́n má fara kanra. Ó ní bí iná bá lọ, ibẹ̀ ni kí Mọ́mì máa kó o sí. Zùwáírátù béèrè ibi tó ti rà á. Ramlah ní ilé àwọn ló wà, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ó yára yí ọ̀rọ̀ náà padà, Zùwáírátù ò sì kíyè sí i.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni ò ti rí omi tútù mu nílé Zùwáírátù. Ó kó ata kúrò lẹ́nu ọ̀nà fíríìjì, ó kó sóbò kúrò, ó gbá ibẹ̀ mọ́ bí ẹni fẹ́ gbàlejò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ mú, kó sì mú un kíá. Àbúrò rẹ̀ kan wá láti Àpáta, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn fíríìjì nítorí omi. Zùwáírátù ní kó lọ mu ti ẹ̀rọ, pé omi tí kò tutù ò pa ẹnì kankan rí nínú ìdílé àwọn. Ilé oníṣẹ́ sólà, ẹ sì mọ̀ ọ́n, kò sí sólà níbẹ̀, nítorí náà bí iná bá ti ṣẹ́, báàgì búlúù á ti wà lápá rẹ̀. Ẹni tó ti ń fi yìnyín ṣe fújà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi táwẹ́ẹ̀lì wé yìnyín bí ẹni wé ọmọ tuntun, kó má baà bu abẹ́rẹ́ jẹ.

Wọ́n gún àkọ́kọ́. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún gún un. Mójeèd ní ó dà bíi pé ìdí òun fúyẹ́ díẹ̀, bóyá òun ń tan ara òun ni. Láàárín èyí, Ramlah mú ọ̀rọ̀ wá láti Akobo. Bàbá rẹ̀ ní bí Iléyá bá fi kọjá tí ọmọkùnrin náà ò wá kí òun bó ṣe yẹ, kí Ramlah yáa gbàgbé rẹ̀, òun ò ní tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Iléyá ò sì jìnnà mọ́. Àwọn àgbò ti ń dé sí ẹ̀bá títì ní Baṣọ̀run. Zùwáírátù ń gbọ́ igbe wọn láti ṣọ́ọ̀bù, igbe kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí i láyà.

Ìgbà tó bá jí kírun Àsùbáà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni àga rọ́bà tí Mójeèd ń wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń ké gìrìrì lórí táìlì. Àárọ̀ ọjọ́ kan, kò gbọ́ àga. Ó dúró díẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé ẹ̀yìn ọmọ náà ti le débi pé kò lè dìde mọ́. Ó fi ìbòrí kọ́rùn, ó sáré jáde.

Àga rọ́bà wà níbi tó wà lánàá, ẹnì kan ti sá ìnura sórí rẹ̀. Mójeèd wà lórí ẹní. Iwájú orí rẹ̀ wà nílẹ̀, imú rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ bí ẹ̀yìn ènìyàn. Zùwáírátù dúró. Ó ń dúró kó gbérí. Ọmọ náà ò gbérí. Ó wá rò pé ó ti há síbẹ̀. Ó ti fẹ́ yà sílé aládùúgbò láti pe ẹni tí yóò bá òun gbé e nígbà tí Mójeèd gbérí fúnra rẹ̀, tó jókòó wẹ́rẹ́, tó tún padà lọ sílẹ̀. Kò há. Ó wulẹ̀ ń gbádùn ibẹ̀ ni.

Nígbà tó sálámà tán, ó rí ìyá rẹ̀.

“Màámi, ẹ tún wò ó.”

Kì í ṣe ìrun mọ́. Ó kàn ń lọ sílẹ̀, ó ń dìde, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń dìde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Zùwáírátù fẹ́ sọ alhamdulillahi, ẹkún ló jáde. Ó tún fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀rín ló jáde. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó rí i sọ. Lọ́jọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ra ṣàwá gba èènì, ẹni tó ra títọ́ọ̀sì gba èènì, ẹni tó kàn ń kọjá lọ pàápàá gba ẹja kan. Àwọn ẹlẹ́ja tó kù béèrè ohun tó dé. Ó ní ẹja òun ti gbọ̀n tó, kó lọ sinmi.

Dókítà Àníọlá gba ẹ̀jẹ̀, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé òun ni dókítà. Iná ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó fi ọwọ́ wọn bí Mójeèd ṣe ń tẹ̀ síwájú, ó tún un wọ̀n. Nígbà tó farabalẹ̀ ló wá kìlọ̀. Ó ní a kì í pe eléyìí ní ìwòsàn tó tán pátápátá. Abẹ́rẹ́ ti so àìsàn náà mọ́lẹ̀ ni, bó bá dáwọ́ dúró, ó lè já okùn. Kó máa gún un, kó máa na ara, kó má jókòó pẹ́. Ó sì ní kí wọ́n máa fi àwọn tó kù sínú àdúà, nítorí àwọn mìíràn wà tí wọ́n yí oògùn tiwọn padà lásìkò kan náà tí ilẹ̀kùn tiwọn ò tíì bá kọ́kọ́rọ́ pàdé. Zùwáírátù fi wọ́n sọ́kàn, kò sì sí ọjọ́ tó gbàgbé wọn nínú àdúà.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n lọ sí Akobo. Iná ò sí láti ọjọ́ ọdún, Zùwáírátù sì ti kọ̀ láti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nílé fún ẹnikẹ́ni ṣọ́. Ó gbé báàgì búlúù kọ́ apá, ó wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ó jókòó, ó gbé e lé itan.

Alhaji Bùsàrí wà lórí àga rẹ̀. Fìlà rẹ̀ ò yẹ̀. Mójeèd ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán. Láàárín pálọ̀ ló ti balẹ̀, gbalaja, àyà kan táìlì, ìka ẹsẹ̀ nà sẹ́yìn, agbádá tẹ́ lé e lórí bí aṣọ tí wọ́n sá. Ramlah, tó gbé omi wá, dúró sójú kan, omi ń dà sílẹ̀. Alhaji wò ó títí. Ó ní kó dìde. Mójeèd dìde, ó rí ìyá Ramlah lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó tún balẹ̀. Ó dìde, ó rí àbúrò Alhaji kan lórí àga òdìkejì, ó tún balẹ̀. Ó ń yíjú kiri bóyá ẹnì kan ṣì kù.

“Ó tó bẹ́ẹ̀,” ni Alhaji wí. “Bí a bá jẹ́ kó máa lọ báyìí, yóò dọ̀bálẹ̀ fún àgbò tó wà lẹ́yìnkùlé.”

Ilé ru fún ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ti tán. Zùwáírátù rí i pé ó ti tán, kò sí ìdí kankan mọ́ láti sọ ohunkóhun. Ramlah ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ń gbọ́, Zùwáírátù ò sì lè fi irọ́ san oore fún Un. Àti pé ojú Alhaji ò kúrò lára báàgì tó wà nítan rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé. Ó sọ ọ́. Ó ní ọmọ òun kò gbéraga nígbà yẹn, àìsàn ló ń ṣe é. Ó sọ ti ẹ̀yìn, ó sọ ti abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì, ó ní àwọn ò mọ ẹni tó ní i rí nínú ìdílé àwọn, àmọ́ dókítà ní ó lè máa tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ nígbà mìíràn. Ó ní Mójeèd á máa gún un lọ ni. Bí Alhaji bá fẹ́ gba ọmọ wọn padà, kí wọ́n gbà á nísinsìnyí tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù.

Alhaji Bùsàrí na ìka sí itan Zùwáírátù.

“Ìyá Mójeèd, báàgì yẹn, tèmi ni.”

Ó pe Ramlah. Ó bi í bóyá báàgì tí òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí, tí òun torí rẹ̀ bá gbogbo ilé jà, tí ó ní kò sẹ́ni tó rí i, ni òun ń wò yìí. Ramlah kúnlẹ̀. Alhaji wá gbé bùbá sókè díẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ikùn. Ó ní láàárọ̀ àti lálẹ́ lòun ń gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà, láti ìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun náà ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ, nítorí àwọn ìdílé ọkọ náà máa ń wádìí, wọ́n lè ní àìsàn ìdílé ni, kí wọ́n sá fún ọmọ òun.

Zùwáírátù àti Alhaji wo ara wọn bí olè méjì tó pàdé lójú fèrèsé kan náà.

“Ṣé ẹ ò jẹ́ kó dì ṣá?” ni Alhaji béèrè, ó ń tọ́ka sí báàgì.

“Ẹ má bi wọ́n ní ìyẹn,” ni ìyá Ramlah fèsì láti ẹnu ọ̀nà. “Èmi tí mo fi tiyín sínú yìnyín lọ́dún àkọ́kọ́ rèé, ẹ ò sì kọ̀ mí.”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lẹ́yìn èyí, àwọn ará ilé kejì yọjú wò wọ́n lórí fẹ́ǹsì. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, wọ́n ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Alhaji sì ti ní ìkíni tòní ti tó, kí Mójeèd fi ẹ̀yìn rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ yẹn. Ìyá Ramlah gba báàgì lọ́wọ́ Zùwáírátù, ó ní kó jẹun ní fàlàlà, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, fíríìjì àwọn tutù. Ó kó abẹ́rẹ́ ọkọ ìyàwó sẹ́nu ọ̀nà fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ bàbá ìyàwó.

Zùwáírátù jẹ òkèlè méjì. Ó dìde, ó ní òun ń bọ̀. Ó lọ ṣí fíríìjì náà wò.